Kí Ẹnì Kan Máa Retí Wọn: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nínú Ìpàdé Orí Fóònù Pẹ̀lú Àwọn Àgbàlagbà

Bí àwa ọmọ tó wà lókè òkun bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú òbí, owó ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa. A ó fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, a ó san owó oògùn, a ó wá ọmọ tí yóò máa bá wọn gbé, a ó ra fóònù ńlá fún wọn, ọkàn wa á sì balẹ̀ pé a ti ṣe tiwa. Ó dára bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn àgbàlagbà ṣèpàdé lórí fóònù, ẹjọ́ tí wọ́n ń rò fún mi kì í sábà jẹ́ ti owó. Màmá kan ní Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, tí gbogbo ọmọ wọn ti rìnrìn àjò, ọ̀kan ní Kánádà, àwọn yòókù ní ìlú ọba, sọ ọ́ fún mi báyìí: "Wọ́n ń pè mí dáadáa, irọ́ ò sí ńbẹ̀. 'Màmá, ẹ ti jẹun? Ẹ ti lo oògùn? Ṣé owó yẹn ti wọlé?' Èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ó tán nìyẹn. Wọ́n ń bèèrè mi bí ẹni ń bèèrè ẹrù tó fi sílẹ̀ ní gáréèjì."

Iṣẹ́ kíà ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé àwọn arúgbó ni mo máa ń lọ láti àárọ̀. Màá wẹ ẹni tó yẹ ní wíwẹ̀, màá po tíì, màá rí i pé wọ́n lo oògùn, màá sì kọjá sí ilé tó kàn. Òyìnbó wà nínú wọn, àwọn Yorùbá sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwé ni wọ́n wá kà ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ní àwọn ó padà sílé, tí wọn ò padà mọ́. Mi ò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ẹni tó dá wà nínú fúláàtì ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àti ẹni tó dá wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkè-Àdó. Tẹlifíṣọ̀n á máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò dá a lóhùn.

Àsìkò kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 la bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù kẹta ni wọ́n ti ìlú ọba pa, ọjọ́ 30 oṣù náà ló kan Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ṣọ́ọ̀ṣì tì, mọ́ṣáláṣí tì, kò sí ìnáwó, kò sí ìkómọ. Àwọn àgbà tó jẹ́ pé ibi báyẹn nìkan ni wọ́n ti ń rí ẹgbẹ́ wọn wá di ẹni tó há mọ́lé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa jọ sórí fóònù, mo sì fi àwọn ẹgbẹ́ ìyá mi n'Íbàdàn kún un. Kónílé-ó-gbélé ti tán tipẹ́, ìpàdé ò tán. Gbogbo Ọjọ́rú ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago Nàìjíríà. Mo tẹnu mọ́ aago Nàìjíríà, nítorí pé aago ìlú ọba máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: nígbà ooru òun àti tilé á dọ́gba, nígbà òtútù á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni kó máa ṣírò. Kò yẹ kí àgbà jókòó ti fóònù fún wákàtí kan gbáko, kó máa rò pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń ká lára. Ní 2018, ìjọba ìlú ọba yan mínísítà tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà, orí iṣẹ́ tí Jo Cox, aṣòfin tí wọ́n pa ní 2016, ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì gbé e kà. Ní 2023, Vivek Murthy, tó jẹ́ àgbà dókítà fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde pé ìdánìkanwà ti di àjàkálẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìròyìn jáde ní 2025 pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ló ń jìyà rẹ̀, pé ó sì lọ́wọ́ nínú ikú àwọn èèyàn tó lé ní 871,000 lọ́dọọdún. Nígbà tí mo sọ èyí nílé, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé agboolé làwa ń gbé. Agboolé dà? Ẹ lọ wo Bódìjà, ẹ lọ wo àwọn ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́ nígbà tí náírà ṣì ní láárí. Yàrá mẹ́fà, ẹnì kan. A máa ń pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ wà ní Manchester, ọmọ wà ní Houston. Dọ́là àti pọ́n-ùn ló ń wálé, ọmọ ò wálé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Màmá Òkè-Àdó. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í ju "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé" lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wò wá. Bí a bá ní kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí a máa sọ ọ́ lọ, pé àwọn ń gbọ́. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, ní Lọ́ńdọ̀nù. Tíṣà wọn ní kí oníkálukú mú aṣọ kan wá láti ilé, kó sì wá sọ ìtàn rẹ̀ ní kíláàsì. Àdìrẹ àtijọ́ kan wà nínú àpótí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ò mọ̀ ju pé ti ìyá àgbà ni. Mo ní kí wọ́n gbé e wá sí ìpàdé Ọjọ́rú.

Ọmọ náà ta aṣọ sójú kámẹ́rà. Màmá sún mọ́ fóònù títí tó fi jẹ́ pé iwájú orí wọn nìkan là ń rí. "Gbé e sókè díẹ̀ sí i, ọmọ mi. Yí i sí apá ibẹ̀ yẹn." Ó yí i. "Háà! Ìbàdàn Dùn nìyí!" Orúkọ iṣẹ́ ara àdìrẹ náà nìyẹn. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ọmọ aláró ni wọ́n, pé àárín ìkòkò aró ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n ní kí ọmọ náà fi ìka tọ àwọn ilà tó nàró gbọọrọ lára aṣọ, wọ́n ní òpó gbọ̀ngàn Màpó nìyẹn. Wọ́n ní kó wo ohun tó wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ọmọ ní ó jọ ṣíbí. Wọ́n ní ṣíbí ni lóòótọ́. Wọ́n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi láfún se ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya iṣẹ́ ara aṣọ, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí i, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ yà á sórí aṣọ funfun, pé ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni aró ò ní lè dé. Wọ́n ní èèyàn á rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú, á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á tún rẹ ẹ́, títí yóò fi dúdú bó ṣe fẹ́. Lẹ́yìn náà ni á wá họ ẹ̀kọ yẹn kúrò, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ á yọ. Ọmọ náà bèèrè bóyá ọwọ́ wọn máa ń dúdú. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí kámẹ́rà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní títí dé ìgbọ̀nwọ́ ni, pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn gan-an, aró ṣì wà nínú èékánná àwọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa pé, kí n tó pè wọ́n, àwọn ló pe èmi. Ṣé ọmọ yẹn ti sọ̀rọ̀ náà ní kíláàsì? Kí ni tíṣà rẹ̀ wí? Ṣé ó rántí dárúkọ Màpó? Mo gbọ́ ohùn wọn, mo sì mọ̀ pé nǹkan ti yàtọ̀. Ẹnì kan wà níbìkan tó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn tí kò lè rí i gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ń retí àbọ̀. Gbogbo ọdún tí àwọn ọmọ wọn fi ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Àgbà tó dá wà kò fẹ́ kí a kàn máa dá òun lára yá. Ètò tó bá jẹ́ pé orin la ó máa kọ fún wọn, ìwàásù la ó máa ṣe fún wọn, fíìmù la ó máa fi hàn wọ́n, wọ́n á gbádùn rẹ̀, àmọ́ tí a bá ti pa fóònù, inú ilé yẹn á tún dá bó ṣe dá. Kí ẹnì kan máa retí wọn, kó jẹ́ pé bí wọn ò bá wá, nǹkan kan ò ní ṣeé ṣe, ìyẹn ló ń mú wọn wẹ̀, tó ń mú wọn wọ aṣọ tó dáa kí aago mẹ́rin tó lù. Nítorí náà, kò sí àgbà kan nínú ìpàdé wa tí kò níṣẹ́. Bàbá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà àtijọ́, ló ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú ọba ní òǹkà, bí èèyàn ṣe ń yọ márùn-ún nínú ogún kó tó pe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bó ṣe ń yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́ta kó tó pe àádọ́ta. Àwọn ọmọ tó ń sá fún ìṣirò nílé ìwé ló ń bára wọn du ìdáhùn. Màmá kan mọ oríkì orílẹ̀ débi pé ẹni tó bá ti dárúkọ ìlú bàbá rẹ̀, kó má tíì sọ ọ́ tán, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan sì wà tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀ rárá. Àwọn ló ń pe orúkọ. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á pe orúkọ oníkálukú, wọ́n á sì fi bírò sàmì sí i. Iṣẹ́ kékeré ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Màá dé orí èyí láìpẹ́.

Mo ti ka ìwádìí lórí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú wa nìkan ló ń tàn wá. Ní Texas, Maninder Kahlon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Austin mú 240 èèyàn lára àwọn tí Meals on Wheels ń gbé oúnjẹ lọ bá nílé. Wọ́n pín wọn sí méjì, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ kan, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 17 sí 23, máa pe apá kan nínú wọn lórí fóònù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kò sí fídíò, kò sí dókítà láàárín àwọn tó ń pè. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni bí èèyàn ṣe ń fetí sílẹ̀, kí ẹni tí wọ́n pè sì máa mú ọ̀rọ̀ tó bá wù ú wá. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2021, ìdánìkanwà àwọn tí wọ́n ń pè dín kù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn náà sì dín kù, ju ti àwọn tí wọn ò pè lọ. Hiroko Dodge náà darí ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú 186 èèyàn tó ti pé ẹni ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì dá wà. Wọ́n ń bá àwọn kan nínú wọn sọ̀rọ̀ lójú fídíò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì rí i pé ó ṣe ọpọlọ wọn láǹfààní. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ìpè yẹn kì í yẹ̀. Ìpè tó bá ń wá nígbà tó bá wù ú kì í fọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀.

Ní ti dátà, mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dá irú ètò yìí dúró. Àgbà tó mọ owó í ṣọ́ kì í fi dátà sílẹ̀ ní títàn. Bó bá ti lò ó tán, á pa á. Ọmọ á wá máa pè láti Lọ́ńdọ̀nù lórí WhatsApp, kò ní dún nílé. Ọmọ á ní Màmá kì í gbé fóònù, Màmá á ní ọmọ òun kì í pe òun. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ìbínú sì ti wọ̀ ọ́. Tiwa ni pé ẹnì kan tó wà ní Nàìjíríà á kọ́kọ́ pè wọ́n lórí láìnì lásán, ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú: "Màmá, ẹ tan dátà yín o. Ẹ sì fi fóònù sí ṣájì tí iná bá wà." Láìsí ìpè kékeré yẹn, kò sí ìpàdé. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, NCC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ń gbà. Láti ìgbà náà ni àwa tó wà lókè òkun ti ń dáwó dátà fún ẹni tí apá rẹ̀ ò bá ká a, orí nọ́ńbà wọn gan-an la sì ń rà á sí. Ní ìlú ọba, National Databank tí Good Things Foundation àti Virgin Media O2 dá sílẹ̀ ní 2021 máa ń fún àwọn tí kò rówó rà á ní síìmù tó ní dátà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún wọn.

A kì í fi línkì ránṣẹ́ sí àgbà. Tí wọ́n bá tẹ línkì, á bèèrè orúkọ, á bèèrè bóyá kí òun lo kámẹ́rà, á bèèrè bóyá kí òun lo máìkì, wọ́n á sì rò pé àwọn ti ba nǹkan jẹ́. Pípè là ń pè wọ́n. Kò sí àgbà tí kò mọ̀ pé bí fóònù bá dún, gbígbé là ń gbé e. WhatsApp gba 32 èèyàn lórí ìpè kan, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí àgbà tó wà lórí ìpè kan ju mẹ́jọ lọ. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, ẹni tó lẹ́nu nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Bàbá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò fẹ́ fojú rí fóònù ńlá. Zoom la fi ń ṣe ti ọ̀wọ́ tiwọn, torí ó ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè láti orí láìnì ilé. Wọ́n ti mọ̀ pé *6 ni àwọn máa tẹ̀ kí ohùn àwọn tó jáde. Kí ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ lé ọmọ tó ń bá wọn gbé lọ́wọ́. Bí ọmọ náà bá lọ ṣọdún nílé, àgbà á pòórá títí yóò fi dé.

Etí náà ń kọ́? Bàbá kan wà ní Iléṣà tí gbogbo wa ń pè ní ẹni jẹ́jẹ́. Bí a bá rẹ́rìn-ín, àwọn náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tiwọn máa ń dé lẹ́yìn tiwa. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá ò gbọ́ràn, pé bí etí bá ń darúgbó, àwọn ohùn tínínrín tó wà lókè ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Èèyàn á gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ojú á sì máa tì í láti bèèrè. A ra íyàpíìsì oníwáyà tó wọ etí méjèèjì fún wọn. A ní kí wọ́n pa fáànù ní àsìkò ìpàdé. A fi í ṣòfin pé ẹnì kan ló gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni náà sì kọjú sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ bà á lójú, kí ẹni tí etí rẹ̀ wúwo lè máa wo ẹnu rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́. Nígbà tí ohùn Bàbá máa jáde, ìtàn òṣómàáló ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé bàbá wọn láti abúlé dé abúlé lọ sin owó aṣọ, bí bàbá wọn ṣe máa ń jókòó ti onígbèsè títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Wọ́n ò tíì sọ ọ́ tán.

Àárín ìdájí ni àdáwà máa ń ni wọ́n lára jù. Èyí kò hàn sí mi àfi ìgbà tí mo ń wo àsìkò tí voice note wọn ń wọlé. Aago mẹ́rin, aago mẹ́rin ààbọ̀, kí wọ́n tó kírun, kí ìlú tó jí. Oorun ti dá lójú wọn, kò sẹ́ni tí wọ́n lè jí. Bí wọ́n bá tẹ máìkì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ sí i, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sì nílò nẹ́tíwọ̀kì tó lágbára. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ á sọ ọ́ níbẹ̀. A wá so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì, ẹnì kan nílé, ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kí oníkálukú ní ẹni tó máa fi "Ẹ jíire" ránṣẹ́ sí. Àwọn kan nínú wọn ti di ọ̀rẹ́ tó jinlẹ̀ ju ohun tí àwa tó so wọ́n pọ̀ rò lọ.

Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, a kì í lọ́ èdè mìíràn mọ́ ọn fún wọn. Ní ìlú ọba, The Silver Line wà láti 2013, Esther Rantzen ló dá a sílẹ̀, arúgbó lè pè é lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀, iṣẹ́ rere ni wọ́n sì ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí àrùn ìgbàgbé bá mú ẹni tó kọ́ èdè òyìnbó lẹ́yìn èdè ìyá rẹ̀, èdè òyìnbó yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ sá. Mo ti tọ́jú bàbá kan tó jẹ́ lọ́yà nígbà ayé wọn, tí àwọn kíà ẹlẹgbẹ́ mi ní wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé ìpàdé wa sí wọn létí lọ́jọ́ kan tí Màmá olóríkì ń kígbe. Bàbá na ìka sí fóònù, wọ́n ní, "Àwọn wa nìyẹn."

Òfin wa ò pọ̀, àmọ́ a kì í dẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ọjà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọrọ owó. Mùsùlùmí ló ń ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, Kìrìsìtẹ́nì lọ́sẹ̀ kejì. Oníṣẹ̀ṣe kan wà láàárín wa, ọ̀sẹ̀ tiwọn náà ń bẹ. Gbájúẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Wọ́n á pe àgbà, wọ́n á ní àwọn ló ń ṣètò ìpàdé, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn, kí wọ́n bá àwọn kà á. Bí wọ́n bá ti kà á, WhatsApp ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, orúkọ wọn ni ọ̀daràn á sì fi máa yáwó lọ́wọ́ gbogbo ẹbí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ wa, ọjọ́ náà la ó bá a fi PIN sí WhatsApp rẹ̀. A sì máa ń sọ ọ́ lásọtúnsọ: nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má kà á sétí ẹnikẹ́ni, kódà bó bá jẹ́ èmi ni mo bèèrè.

Fóònù ò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Màmá kan nínú ẹgbẹ́ wa pàdánù ọkọ wọn, wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́ rójú ẹnikẹ́ni. A ò fi dandan mú wọn. Opó bíi tiwọn kan ń pè wọ́n lálaalẹ́ lórí láìnì lásán. Nígbà mìíràn wọ́n á kàn jọ dákẹ́ ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì padà sí ìpàdé, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ìpè alẹ́ yẹn kọjá láìgbé e.

Mo ní màá dé orí Bàbá tó ń pe orúkọ. Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n pe orúkọ bàbá kan, kò sí ìdáhùn. Àwa yòókù ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni. Wọ́n ní rárá, pé ẹni yẹn kì í pẹ́ rí, pé kí a pe aládùúgbò rẹ̀. A máa ń gba nọ́ńbà aládùúgbò kan tàbí méjì sílẹ̀ fún àgbà kọ̀ọ̀kan, a sì pè é. Ó lọ, ó bá bàbá náà ní ilẹ̀ balùwẹ̀, ìbàdí wọn ti yẹ̀, láti àárọ̀ ni wọ́n sì ti wà níbẹ̀. Wọ́n gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n yè. Àwọn ọmọ wọn ti pè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọn ò gbé e, wọ́n sì rò pé bóyá Bàbá pa dátà ni.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé èló ni àwọn máa fi bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan: dátà, íyàpíìsì, owó ìpè orí láìnì lásán. Ẹ wá àgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n mọra wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ bi oníkálukú níṣẹ́ tó ṣe láyé, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọmọ tó nílò ohun tí wọ́n mọ̀ yẹn ní tòótọ́, ẹni tí tíṣà fún níṣẹ́, ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kúrú, ẹni tó ń wá oríkì bàbá rẹ̀ torí ìgbéyàwó. Ẹ mú ọjọ́ kan àti aago kan, ẹ má sì yí i. Gba nọ́ńbà aládùúgbò wọn. Fún ẹni tó dákẹ́ jù nínú wọn ní ìwé àti bírò, kó máa pe orúkọ.